Lẹ́tà mẹ́ta tí ètò kà sí márùn-ún: àkọsílẹ̀ àtúnṣe kan nínú open source

Ètò tí mo tún ṣe yìí kò tóbi rárá. Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni a ti ń lò ó, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ wọn, kó bá wa wá èyí tí a bá fẹ́, kó sì tò ó sí tábìlì. Ìwé àṣẹ MIT ló wà lórí kóòdù rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló láyè láti gbà á, kó tún un ṣe, kó sì dá àtúnṣe náà padà. Àléébù méjì ló gbé mi débẹ̀. Èkíní, tí ọ̀rọ̀ bá ti ní àmì ohùn, òpó tó tẹ̀ lé e nínú tábìlì a máa wọ́ sí apá òsì, kò ní bá ti àwọn ìlà yòókù dọ́gba mọ́. Èkejì, ẹ lè tẹ “ọ̀rọ̀” síbi ìwákiri, kí ètò náà ní kò sí, nígbà tí ẹ̀ ń wò ó lójú kòrókòró nínú fáìlì.

Àtúnṣe náà ti wọlé báyìí. Tí a bá yọ ti ìdánwò kúrò, kóòdù tó yí padà kò kún ojú ìwé kan. Ẹ̀rí ló gba àkókò: ẹ̀rí pé àléébù wà, ẹ̀rí ibi tó gbà wọlé, ẹ̀rí pé àtúnṣe mi kò ba ohun mìíràn jẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Ohun tó wà lábẹ́ lẹ́tà

Kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà bí ojú wa ṣe ń rí i. Nọ́ńbà ló ń rí, Unicode ló sì ń pín nọ́ńbà náà. Ọ kékeré ní tirẹ̀, U+1ECD. Ẹ ní U+1EB9. Ṣ ní U+1E63. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀ máa kọ ọ, á sì fi àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, tẹ̀ lé e. Ojú rí lẹ́tà kan, kọ̀ǹpútà rí nǹkan méjì.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan kò wọ inú ọ̀. Pátákó ìtẹ̀wé kan á mú ọ tó ti ní àmì abẹ́, á fi U+0300 lé e. Òmíràn á mú o lásán, á fi àmì abẹ́, U+0323, sí i, kó tó wá kan àmì ohùn. Òmíràn á gbé ò tó ti ní àmì ohùn tẹ́lẹ̀, U+00F2, á wá fi U+0323 sí ìdí rẹ̀. Lójú, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ nọ́ńbà Unicode di báìtì, báìtì 5 ni ti àkọ́kọ́, báìtì 5 ni ti èkejì, báìtì 4 ni ti ẹ̀kẹta, ohun tó wà nínú báìtì wọn kò sì bára mu. Ètò tó bá ń fi ọ̀kan wé èkejì ní báìtì sí báìtì á búra pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Unicode ti pèsè ìlànà tó ń sọ irú wọn di ọ̀kan. NFC a máa so gbogbo èyí tó bá ṣeé so pọ̀. NFD a máa tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kà yìí bá gba inú NFC kọjá, ọ àti U+0300 ni gbogbo wọn máa dà. Python ti ní irinṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, `unicodedata.normalize`, kò sí ohun tí a ní láti wá kún un.

Ti tábìlì náà wá látibẹ̀. Ojú wa rí lẹ́tà mẹ́ta nínú “ọ̀rọ̀”. `len()`, tí Python fi ń ka gígùn ọ̀rọ̀, ní 5 ni tó bá wà ní NFC, ó ní 7 tó bá wà ní NFD. Ètò náà ń fi `ljust` kún àlàfo kí òpó lè dọ́gba, `len` ni `ljust` sì ń tẹ̀ lé. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti gba àyè márùn-ún, ó dín àlàfo kù ní méjì, òpó kejì sì wọ́ wá sí òsì.

Git fúnra rẹ̀, ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, ti kó sínú irú ọ̀ràn yìí rí. HFS+, tí macOS fi ń tọ́jú fáìlì láyé ìjelòó, a máa tú àmì orúkọ fáìlì sílẹ̀ kó tó fi pamọ́, orúkọ tí Git kọ sílẹ̀ a sì yàtọ̀ sí èyí tó padà bá níbẹ̀. Ìdí tí ìṣètò `core.precomposeunicode` fi wà nínú Git nìyẹn.

Kí a tó fọwọ́ kan kóòdù

Mo kọ́kọ́ wo àwọn ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀. Ẹnìkan ti sọ ti ìwákiri yìí rí, olùtọ́jú ètò sì ti pa ẹ̀sùn náà dé, ó ní òun dán an wò, òun rí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni ẹni yẹn fi ránṣẹ́, àwòrán kì í sì í gbé nọ́ńbà Unicode dání. Olùtọ́jú tẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, pátákó ìtẹ̀wé tirẹ̀ kọ ọ́ bí fáìlì tirẹ̀ ṣe kọ ọ́, wọ́n bára mu.

Nítorí náà, ohun tí mo fi sábẹ́ ẹ̀sùn àtijọ́ yẹn ni èyí:

```
a = "\u1ecd\u0300"
b = "o\u0323\u0300"
print(a, b)            # ọ̀ ọ̀
print(a == b)          # False
print(len(a), len(b))  # 2 3
```

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ nọ́ńbà wọn dípò lẹ́tà gan-an ni. Ẹ ò lè mọ ohun tí olóòtú kóòdù tàbí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì máa ṣe sí àmì ohùn nígbà tí wọ́n bá ń dà á kọ. `\u0323` kò lè yí padà lójú ọ̀nà. Mo lo ọ̀nà kan náà nínú gbogbo ìdánwò tí mo kọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún ẹ̀sùn náà ṣí.

Ìpalẹ̀mọ́ tó kù kò ní ìtàn nínú. Mo ṣe fork, ìyẹn ẹ̀dà tèmi nínú kóòdù ètò náà, mo gbé kóòdù wá sórí ẹ̀rọ mi, mo sì ya ẹ̀ka ọ̀tọ̀ láti ara ti ètò gangan, kì í ṣe láti ara fork tó lè ti gbó:

```
git remote add upstream <àdírẹ́sì ètò gangan>
git fetch upstream
git switch -c iwakiri upstream/main
```

Lẹ́yìn náà mo ní kí gbogbo ìdánwò tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́ kí n tó yí ohunkóhun padà. Gbogbo wọn yege, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń wo àmì ohùn.

Ta ló yọ ìlà náà?

Ìbéèrè tó jẹ mí lógún jù ni pé ṣé bí ètò yìí ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyí, àbí ohun kan ló bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn méjèèjì ń gbé wá. Tí kò bá ṣiṣẹ́ rí, ohun tuntun ni mò ń tọrọ, olùtọ́jú sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun kò fẹ́. Tó bá ti ṣiṣẹ́ rí, tó wá dákẹ́, a jọ mọ̀ pé ó yẹ kó padà ṣiṣẹ́ ni, kò ní sí àríyànjiyàn púpọ̀.

Ti tábìlì kò pẹ́. `git log -S ljust` ló sọ ọ́. Commit ni àyípadà kọ̀ọ̀kan tí a fi pamọ́ sínú ìtàn kóòdù. `-S` a máa wá àwọn commit tí iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan fara hàn nínú kóòdù ti pọ̀ sí i tàbí dín kù. `ljust` ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọ tábìlì náà, kò sẹ́ni tó bà á jẹ́.

Ìwákiri ló ní ìtàn. Mo gbé ẹ̀yà àtijọ́ kan jáde, mo dán an wò, ó rí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà yòówù tí mo gbà kọ ọ́. Commit kan wà láàárín ẹ̀yà yẹn àti tòní tó pa á. Irú èyí ni wọ́n ṣe `git bisect` fún. Ẹ máa sọ èyí tó dára fún un, ẹ máa sọ èyí tí kò dára, á mú èyí tó wà láàárín méjèèjì wá fún yín láti dán wò, á sì tún pín ìyókù sí méjì lẹ́yìn ìdáhùn yín. Ìdajì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí náà commit 1,000 kì í gbà ju nǹkan bí ìdánwò 10 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo Git lójoojúmọ́ kò tíì fọwọ́ kàn án rí, wọ́n á máa fi ojú yẹ àkọsílẹ̀ wò láti òkè délẹ̀. Lójú tèmi, òun ni ohun tó níye lórí jù nínú Git fún ẹni tó bá ń tún kóòdù tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣe, nítorí kò béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ lóye kóòdù náà.

Kò sì pọn dandan kí ẹ jókòó tì í. `git bisect run` á máa fi script kékeré kan, fáìlì tí a kọ àṣẹ sí fún ẹ̀rọ, dán commit kọ̀ọ̀kan wò fúnra rẹ̀:

```
git bisect start upstream/main <ẹ̀yà àtijọ́>
git bisect run ../wadi.sh
```

Inú `wadi.sh` nìyí:

```
#!/bin/sh
pip install -q . || exit 125
python ../wadi.py
```

Nọ́ńbà tí script náà bá fi jáde ni Git ń kà. 0 túmọ̀ sí pé commit yẹn dára. Láti 1 dé 127 túmọ̀ sí pé kò dára, àyàfi 125, tó túmọ̀ sí “èyí kò ṣeé dán wò, fò ó”. Ẹ má ṣe fojú kéré 125 yìí. Àwọn commit àtijọ́ kan kò ṣeé fi sórí Python òde òní rárá. Tí ẹ kò bá fò wọ́n, Git á gbà pé àwọn ni ọ̀daràn, á sì mú yín lọ síbi tí kò kàn yín. Ohun kejì ni pé mo fi `wadi.sh` àti `wadi.py` síta, lẹ́yìn ibi tí kóòdù wà. Bí Git ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn nínú ìtàn, á máa pààrọ̀ àwọn fáìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdánwò tí mo kọ lónìí kò sí nínú kóòdù àtijọ́.

Ó kan commit náà lára. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí ìwákiri yá, ó sì ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa: ètò náà ń pe `normalize` fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú fáìlì ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá wá nǹkan, ó ní kò yẹ bẹ́ẹ̀, ó yọ ọ́. Òótọ́ ni ó sọ. Kò sí ìdánwò kankan tó kùnà, torí kò sí èyí tó ní àmì ohùn nínú. Àlàyé rẹ̀ yẹn ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí ká ní “àtunṣe díẹ̀” ló kọ síbẹ̀ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, ǹ bá kàn dá ìlà náà padà bó ṣe wà, kí ìwákiri tún máa wọ́ bíi ti àná.

Mo pe `git bisect reset`, mo padà sí ẹ̀ka mi.

Àtúnṣe ìwákiri

```
def search_key(s):
    norm = unicodedata.normalize
    return norm("NFC", norm("NFD", s).casefold())
```

`casefold` ló ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré fún ìfiwéra. Ìdí tí `normalize` fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni pé àwọn lẹ́tà mélòó kan wà tí `casefold` ń yọrí wọn sí ohun tí kò wà létòlétò mọ́, a sì ní láti tún un tò. Fún Yorùbá nìkan, ẹ̀ẹ̀kan ìbá tó, àmọ́ àwọn tó ń kọ èdè mìíràn náà ń lo ètò yìí.

Kí ló dé tó jẹ́ NFC ló kẹ́yìn? Torí pé ìwákiri yìí a máa gba apá kan ọ̀rọ̀. Nínú NFD, o lásán ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀, ẹni tó bá wá “o” á rí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní ọ. Nínú NFC kò rí bẹ́ẹ̀, ọ jẹ́ ọ. Ẹni tó bá tẹ “ọ̀rọ” tí kò tíì fi àmì sí ìparí ṣì máa rí “ọ̀rọ̀”, ìyẹn sì dára, torí pé ó lè jẹ́ pé ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni. NFKC wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ti le jù: á sọ ² di 2 lásán, kò sì sẹ́ni tó ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ìyára, kò nira. A ń ṣírò `search_key` lẹ́ẹ̀kan péré fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí fáìlì bá ń wọlé, a ń tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìrántí ẹ̀rọ, ohun tí oníṣẹ́ bá tẹ̀ nìkan ni a ń ṣírò nígbà ìwákiri. A kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú fáìlì. Bí ẹni tó ni ín bá fi NFD kọ ọ́, NFD ni yóò bá níbẹ̀.

Àtúnṣe tábìlì

```
def cell_width(s):
    w = 0
    for ch in s:
        if unicodedata.category(ch) in ("Mn", "Me"):
            continue
        wide = unicodedata.east_asian_width(ch) in ("W", "F")
        w += 2 if wide else 1
    return w
```

Àwọn àmì tí kì í gba àyè tiwọn ni Mn àti Me. Ẹ máa rí kóòdù tó ń lo `unicodedata.combining` níbi báyìí, tó ń fo gbogbo ohun tí iye rẹ̀ kì í bá ṣe 0. Ó tó fún wa: àmì abẹ́ jẹ́ 220, àmì ohùn jẹ́ 230. Àmọ́ nínú ìkọ̀wé Devanagari tí wọ́n fi ń kọ Híńdì, àmì fáwẹ̀lì bíi U+0941 jẹ́ 0, bẹ́ẹ̀ kì í gba àyè tirẹ̀. `category` kò ní ìṣòro yẹn. Lẹ́tà Ṣáínà ní tirẹ̀ ń gba àyè méjì, ìdí ìlà tó ṣáájú `return` nìyẹn.

Ní tèmi, ǹ bá lo `wcwidth`, àkójọ kóòdù tó wà fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà ètò náà sọ pé wọn kò fẹ́ kí ètò gbára lé ohunkóhun tó wà lẹ́yìn Python fúnra rẹ̀. Àlejò kì í bá onílé jiyàn ibi tí àga wà. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́.

Commit, àyẹ̀wò, àti rebase

Mo fi `git add -p` pín iṣẹ́ náà, kí ti ìwákiri má bàa wọnú ti tábìlì. Ìdánwò àti àtúnṣe rẹ̀ wà nínú commit kan náà. Àwọn kan fẹ́ràn kí commit àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò tó ń kùnà, kí èkejì wá tún un ṣe. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo bisect lọ́la máa bá commit tó ti kùnà pàdé láìnídìí. Lẹ́yìn iṣẹ́ tí bisect bá mi ṣe, mi ò lè fi irú ìyẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àkọlé commit kò kọjá nǹkan bí lẹ́tà 50, àlàyé abẹ́ rẹ̀ sì ń gé ní 72. Mo kọ ohun tó bàjẹ́, mo kọ nọ́ńbà commit tó yọ `normalize`, mo kọ ìdí tí ìyára tí ẹni yẹn wá kò fi ní sọnù. Mo fi `git commit -s` buwọ́ lù ú, torí pé ètò náà ń béèrè Signed-off-by, àṣà tó ti ọ̀dọ̀ Linux wá ní 2004. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú ń jẹ́rìí pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ ètò náà. Àwọn èèyàn Linux yìí náà ló bí Git: Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2005, nígbà tí àyè tí wọ́n ní láti lo BitKeeper lọ́fẹ̀ẹ́ ti dópin.

Mo fi í ránṣẹ́ bíi pull request, ìyẹn ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe mi wọlé. Olùtọ́jú dáhùn: “Ẹ ṣé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ di pull request méjì. Ti ìwákiri ń dá ohun tó bàjẹ́ padà, ó lè wọ ẹ̀yà tó kàn. Ti tábìlì ń yí bí nǹkan ṣe ń hàn padà, mo fẹ́ kó dúró díẹ̀.” Nítorí pé commit ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò gbà ju ẹ̀ka tuntun kan àti `git cherry-pick`, tó ń da commit kan kọ sórí ẹ̀ka mìíràn, lọ.

Ẹlòmíràn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò dábàá pé kí a kúkú yọ gbogbo àmì kúrò kí a tó wá ọ̀rọ̀, kí ó rọrùn. Ibí ni mo ti takú. Ẹni tó bá ń wá “ìgbà” nínú àkójọ ọ̀rọ̀ kò fẹ́ kí a da “igbá” àti “igba” lé e lórí. Mo gbà pé ó wúlò fún ẹni tí pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀ kò ní àmì, àmọ́ ohun tí ènìyàn á fúnra rẹ̀ béèrè fún ló yẹ kó jẹ́. Olùtọ́jú gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ṣí ẹ̀sùn tuntun fún un.

Kí ti tábìlì tó wọlé, ẹnìkan ti gbé kóòdù tábìlì lọ sí fáìlì mìíràn. `git rebase upstream/main`, tó ń gbé commit mi lé orí kóòdù tuntun, dúró síbi ìjà, ibi tí àyípadà méjì ti forí gbárí, mo fi ọwọ́ gbé àtúnṣe mi lọ síbi tuntun, mo tún ní kí gbogbo ìdánwò ṣiṣẹ́, mo sì tì í lọ:

```
git push --force-with-lease
```

Mi ò lo `--force` lásán, tó ń fi tipátipá rọ́pò ohun tó wà lọ́hùn-ún, rí lórí ẹ̀ka tí ẹlòmíràn lè ti fọwọ́ kàn. `--force-with-lease` a máa kọ̀ tí ohun tó wà lọ́hùn-ún bá ti yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ yín mọ̀ kẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra o: tí olóòtú kóòdù yín bá ń pe `git fetch` fúnra rẹ̀ lẹ́yìn yín, ẹ̀rọ yín á ti “mọ̀”, ààbò náà á sì di òfo. Mo lẹ èsì `git range-diff` mọ́ ọ̀rọ̀ mi kí olùtọ́jú lè rí ohun tó yí padà láàárín ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti èkejì, kó má bàa tún gbogbo rẹ̀ kà.

Ohun tó kù

Méjèèjì ti wọlé, ẹ̀sùn àtijọ́ sì ti pa dé fúnra rẹ̀ nítorí “Fixes” àti nọ́ńbà rẹ̀ tó wà lábẹ́ pull request. Ètò náà ṣì ń gé ọ̀rọ̀ gígùn pẹ̀lú `text[:n]`, èyí tó lè já àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Mo ti kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò, kò tíì sẹ́ni tó mú un. Emoji tí wọ́n fi U+200D so pọ̀ ṣì ń mú kí òpó wọ́, nítorí `cell_width` ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn, a sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò náà pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Ti ìwákiri láìsí àmì, ẹni tó dábàá rẹ̀ ti ya ẹ̀ka fún un, ó sì ní kí n bá òun wo ìdánwò rẹ̀.